Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Sílíńdà Gáàsì Lára Ọkọ̀ Agbẹ́rù Láìséwu

Ẹ̀kọ́ fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Ìdí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí

Bí àpò kòkó kò bá ju ogún lọ nínú ilé ìkẹ́rùsí, èjìká àwọn alábàárù tó láti gbé e. Ṣùgbọ́n àpò kan tí a ti wọ̀n fún títà sí òkè òkun jẹ́ kílò 62.5, àpò 16 ni ó sì ń di tọ́ọ̀nù kan. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó bá kó 100 tọ́ọ̀nù jọ ní àkókò ìkórè kan ní àpò 1,600 láti tò, láti tú, àti láti kó sínú ọkọ̀. Nítorí èyí ni àwọn ẹgbẹ́ kan fi ń yá ọkọ̀ agbẹ́rù tí àwọn ènìyàn ń pè ní forklift, tí àwọn mìíràn sì ń rà á. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Òmíràn nínú wọn kì í lo epo bẹntiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì, bí kò ṣe gáàsì tí a rọ sínú sílíńdà tí a dè mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Gáàsì dára fún iṣẹ́ inú ilé ìkẹ́rùsí. Èéfín rẹ̀ kì í dúdú bí ti dísẹ́ẹ̀lì. Kòkó ní ọ̀rá nínú, a sì máa fa òórùn àti èéfín mọ́ra. Láti ọdún 2013 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi òfin de ìwọ̀n àwọn èròjà olóró tí èéfín lè fi sínú kòkó tí wọ́n ń rà. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó bá pa kòkó rẹ̀ mọ́ kúrò nínú èéfín ń pa owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wúlò tó báyìí ní ewu tirẹ̀. Ìgbà tí a bá ń tú sílíńdà òfìfo kúrò, tí a sì ń fi èyí tí ó kún rọ́pò rẹ̀, ni ó yẹ kí a ṣọ́ra jù, nítorí pé ìgbà náà ni a ń fi ọwọ́ ara wa ṣí ọ̀nà tí gáàsì lè gbà jáde. Iṣẹ́ náà kò gba ìṣẹ́jú púpọ̀, kò sì le láti kọ́. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí a mọ ìwà gáàsì, kí a sì máa tẹ̀lé ìlànà kan náà ní gbogbo ìgbà, yálà iṣẹ́ pọ̀ tàbí kò pọ̀.

Irú ohun tí gáàsì yìí jẹ́

Propane ni orúkọ gáàsì tí ọ̀pọ̀ forklift ń lò. Òun àti ìbátan rẹ̀ tí ń jẹ́ butane ni a pa pọ̀ ń pè ní LPG. Àwọn méjèèjì yìí náà ni ó wà nínú gáàsì ìdáná tí a ń rà ní kílò-kílò. Nínú sílíńdà, olómi ni, nítorí pé a ti fi agbára tì í mọ́nú. Bí ó bá ti jáde, ó di afẹ́fẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun márùn-ún ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tí yóò fi ọwọ́ kàn án mọ̀ nípa rẹ̀.

(a) *Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ.* Ìwọ̀n propane tó ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ní ọ̀nà kan àti ààbọ̀. Kì í gòkè lọ bí èéfín. Ilẹ̀ ni ó ń tọ̀ bí omi. Ó ń wọ gọ́tà, ó ń wọ kòtò àti kànga, ó sì ń dúró sí ibẹ̀ dè iná. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, ní Feyzin lẹ́bàá ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, propane tú jáde láti ìdí àgbá ńlá kan nígbà tí òṣìṣẹ́ kan ń ṣí ẹnu rẹ̀ láti mú díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Gáàsì náà fà lórí ilẹ̀ títí ó fi dé ojú ọ̀nà kan tí ó jìnnà ju 100 mítà lọ. Ọkọ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà náà ni ó ta iná sí i. Iná náà tọ ipa gáàsì padà dé ìdí àgbá, nígbà tí ó sì ti jó o pẹ́, àgbá náà bú. Ènìyàn 18 ni ó kú, àwọn panápaná sì wà nínú wọn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí iná wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè má sí nítòsí rárá, ó sì lè má mọ̀ pé gáàsì ń bọ̀.

(b) *Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń di púpọ̀.* Lítà 1 propane olómi ń di nǹkan bí lítà 270 bí ó bá di afẹ́fẹ́. Bí ipa 2.1 péré nínú 100 afẹ́fẹ́ bá ti jẹ́ propane, iná lè ràn án. Kì í dẹ́kun àti máa ràn títí yóò fi tó nǹkan bí ipa 9.5. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: lítà kan olómi tí ó dànù lè sọ afẹ́fẹ́ tí ó ju lítà 12,000 lọ di ohun tí ń dúró de ìṣáná.

(d) *Ó tutù ju yìnyín lọ.* Propane olómi ń hó ní ìwọ̀n òtútù 42 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá ta sí ara, yóò sọ ibẹ̀ di egbò gẹ́gẹ́ bí iná ti ń ṣe. Bí ó bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ọ.

(e) *Agbára tí ó fi ń ti ara sílíńdà pọ̀.* Bí oòrùn bá mú sílíńdà gbóná dé ìwọ̀n 38, agbára propane inú rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún agbára afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára náà ń pọ̀ sí i.

(ẹ) *Òórùn rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.* Propane fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Àwọn tí ń tà á ni wọ́n fi òórùn burúkú kún un kí ènìyàn lè tètè mọ̀ bí ó bá ń jò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbóòórùn gáàsì tí ó sì ń bá iṣẹ́ lọ ti kọ etí ikún sí ìkìlọ̀ tí a fi owó rà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé imú tí ó bá pẹ́ nínú òórùn a máa jìn-ín-jìn. Ọ̀fìnkìn pẹ̀lú a sì máa dí i. Imú nìkan kò tó fún àyẹ̀wò.

Sílíńdà ọkọ̀ yàtọ̀ sí sílíńdà ìdáná

Òòró ni a ń gbé sílíńdà ìdáná dúró sí. Olómi wà nísàlẹ̀, gáàsì tí ó ti di afẹ́fẹ́ wà lókè, èyí tí ó wà lókè ni ó sì ń lọ sí ìdáná. Ti ọ̀pọ̀ forklift kò rí bẹ́ẹ̀. Olómi ni ó ń jáde láti inú sílíńdà rẹ̀, ẹ̀rọ kan lára ẹ́ńjìnnì ni ó sì ń sọ olómi náà di afẹ́fẹ́ kí ó tó jó. Ìbú ni a sábà ń dá sílíńdà náà sí lẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí a tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ láti máa fa olómi. Fáàfù ààbò tún wà, tí ń ṣí fúnra rẹ̀ bí agbára inú sílíńdà bá pọ̀ jù. Ibi tí afẹ́fẹ́ gáàsì wà lókè ni ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kọjú sí.

Kí gbogbo nǹkan wọ̀nyí lè wà ní ipò wọn, àwọn tí ó ṣe sílíńdà dá ihò kan sí ara òrùka irin tí ó yí ọrùn rẹ̀ ká. Irin ṣóńṣó kan wà lórí ìjókòó sílíńdà lẹ́yìn ọkọ̀. Irin ṣóńṣó yìí gbọ́dọ̀ wọ inú ihò náà. Bí kò bá wọ̀ ọ́, sílíńdà ti yí nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì lè máa kú nígbà tí gáàsì ṣì kù. Èyí tí ó burú jù ni pé bí fáàfù ààbò bá ṣí, olómi ni yóò tú jáde dípò afẹ́fẹ́, a sì ti rí i pé olómi díẹ̀ ń di afẹ́fẹ́ púpọ̀.

Láti inú èyí ni òfin méjì ti jáde. Ẹ má ṣe gbé sílíńdà ìdáná sórí forklift, bí ó ti wù kí gáàsì wọ́n tó. Ẹ má sì ṣe gbé sílíńdà forklift lọ sí ilé ìdáná, nítorí pé olómi ni yóò rán sí ẹnu iná, iná náà yóò sì kọjá agbára ẹni tí ó tàn án.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀

Ẹni tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ yìí nìkan ni kí ó ṣe é. Ìta gbangba ni kí a ti ṣe é, níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ dáadáa, tí ó sì jìnnà sí gọ́tà, kòtò àti kànga. A gbà yín ní ìmọ̀ràn pé kí ohunkóhun tí ó lè tan iná jìnnà tó 10 mítà, ó kéré tán. Ẹ má wo sìgá nìkan. Ẹ wo ẹ̀rọ amúnáwá tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ wo jórinjórin tí ń tún tírélà ṣe. Ẹ wo ìyá tí ń sun bọ̀ọ̀lì ní ẹnu ọ̀nà ọgbà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ yín sí ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró ná, tàbí kí ẹ gbé iṣẹ́ yín lọ sí ibòmíràn. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ sínú ilé.

Ẹ pèsè nǹkan wọ̀nyí: ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn tí òtútù kò lè tètè wọ̀, awò tí ó bo ojú, aṣọ alápá gígùn, bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, omi ọṣẹ nínú agolo pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, àti ohun ìpaná oníyẹ̀fun tí kò tíì ré kọjá ọjọ́ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ yóò tètè tó o.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ sílíńdà tí ó kún wò. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ jinlẹ̀, bí ó bá ti tẹ̀ wọnú, bí iná bá ti jó o rí, bí a bá rí ojú ibi tí a ti jó irin mọ́ ọn ní ọwọ́ ilé, tàbí bí fáàfù rẹ̀ kò bá yí geere, ẹ dá a padà. Ọjọ́ tí a ṣe é àti ọjọ́ tí a dán an wò gbẹ̀yìn wà ní títẹ̀ sí ara ọrùn rẹ̀. Sílíńdà tòkunbọ̀ tí ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ ti kọjá kò yẹ kí a rọ gáàsì sí mọ́, àyàfi bí àwọn tí ó ní àṣẹ bá tún dán an wò.

Bí a ti ń pààrọ̀ rẹ̀, ní ẹsẹẹsẹ

1. Wa ọkọ̀ jáde sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Sọ amúga rẹ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀, kí o sì fa búréèkì ọwọ́.

2. Má tíì pa ẹ́ńjìnnì. Yí fáàfù sílíńdà sí apá ọ̀tún títí yóò fi dé òpin, kí o sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Èyí ni yóò jó gáàsì tí ó kù nínú họ́ọ̀sì tán. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì ti fi olómi sílẹ̀ nínú họ́ọ̀sì láti ta sí ara òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, yí kọ́kọ́rọ́ padà, kí o sì yọ ọ́.

3. Wọ ìbọ̀wọ́ àti awò. Fi ọwọ́ tú ẹnu họ́ọ̀sì kúrò lára sílíńdà díẹ̀díẹ̀. Ìró ṣíì kékeré lè jáde kí ó sì dákẹ́. Bí kò bá dákẹ́, fáàfù kò tíì tì dáadáa nìyẹn: dè é padà, kí o sì wá ìdí rẹ̀ kí o tó tẹ̀ síwájú.

4. Tú àwọn ìdè tí ó di sílíńdà mú. Ìwọ̀n sílíńdà irin tí ó gba kílò 15 gáàsì lè kọjá kílò 30 nígbà tí ó bá kún, nítorí náà kí ènìyàn méjì gbé e. Tẹ orúnkún, má ṣe tẹ ẹ̀yìn. Má ṣe jù ú sílẹ̀, má sì ṣe yí i gbirigbiri. Gbé òfìfo náà dúró ní òòró, kí fáàfù rẹ̀ wà ní títì. Sílíńdà tí a ń pè ní òfìfo ṣì ní gáàsì díẹ̀ nínú. Ewu rẹ̀ kò tíì tán.

5. Wo wáṣà rọ́bà tí ó wà nínú ẹnu ìsopọ̀. Bí ó bá ti ya, tí ó ti le gbagidi, tàbí tí kò sí níbẹ̀, pààrọ̀ rẹ̀. Wáṣà yìí kò wọ́n, ṣùgbọ́n òun ni ó dúró láàárín gáàsì àti ìta. Nu erùpẹ̀ kúrò lójú ìsopọ̀ méjèèjì.

6. Gbé sílíńdà tí ó kún lé ìjókòó rẹ̀. Rí i dájú pé irin ṣóńṣó wọ inú ihò ọrùn rẹ̀. Di gbogbo ìdè rẹ̀ pinpin. Ìdè kan kò tó bí a bá ṣe méjì sí i. Kò gbọdọ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi tí ògiri tàbí òpó ti lè gbá a.

7. Fi ọwọ́ dè ẹnu họ́ọ̀sì mọ́ sílíńdà títí yóò fi le. Má ṣe fi pílíásì tàbí sípánà dè é, nítorí pé wọn yóò jẹ ojú ìdè rẹ̀, wọn yóò sì tẹ wáṣà fọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

8. Yí fáàfù sí apá òsì díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ṣí i lójijì, ohun ìdènà kan wà nínú rẹ̀ tí yóò ti ara rẹ̀ pa, ọkọ̀ kò sì ní ṣiṣẹ́. Fi búrọ́ọ̀ṣì pa omi ọṣẹ sí gbogbo ojú ìsopọ̀. Bí ìfófò bá ń wú, gáàsì ń jò: ti fáàfù, kí o tú u, kí o sì tún un dè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi iná wá ibi tí gáàsì ti ń jò.

9. Bí kò bá sí ìfófò, tí kò sí òórùn, tí kò sì sí ìró, dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà tan ẹ́ńjìnnì.

Bí a bá gbé sílíńdà lọ rọ gáàsì

Ibi tí ó ní ìwé àṣẹ ni kí a ti máa rọ gáàsì. Kò yẹ kí sílíńdà kún ju ipa 80 nínú 100 lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé propane olómi ń wú púpọ̀ bí ooru bá mú un, ó sì gbọ́dọ̀ rí àyè láti wú sí. Bí a bá fi olómi kún un dé ẹnu ní òwúrọ̀ tútù, oòrùn ọ̀sán yóò ti fáàfù ààbò ṣí, gáàsì yóò sì tú jáde níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti retí rẹ̀.

Òṣùwọ̀n ni ẹlẹ́rìí tí ó dára jù. Ìwọ̀n sílíńdà lófìfo wà ní títẹ̀ sí ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kílò 17, tí ìwọ̀n gáàsì tí a ṣe é fún sì jẹ́ kílò 15, kò gbọdọ̀ ju kílò 32 lọ nígbà tí ó bá kún. A ti yọ àyè ìwúsí kúrò nínú kílò 15 náà. Bí olùtà bá fẹ́ fi kílò méjì ta yín lọ́rẹ, ẹ má gbà á. Ewu ni ó fi ń tọrẹ.

Ẹ má ṣe rọ gáàsì láti inú sílíńdà kan sínú òmíràn nínú ọgbà yín. Bí ẹ bá ń gbé sílíńdà lójú ọ̀nà, kí ó wà ní òòró nínú ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí a dè é, kí fáàfù rẹ̀ sì wà ní títì. Ẹ má ṣe fi í sínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àwọn èrò.

LPG kì í ṣe CNG

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ń yí ọkọ̀ wọn padà sí ti CNG. Gáàsì ni òun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Methane ni ó pọ̀ jù nínú CNG. Ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, òkè ni ó sì ń lọ bí ó bá jò. Kì í di olómi nínú sílíńdà rẹ̀. Agbára ńlá ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́nú, tí ó ju ti LPG lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sílíńdà LPG kò lè gba agbára yìí rárá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ kan tí a yí padà sí CNG bú gbàmù nígbà tí ó ń ra gáàsì ní ilé epo kan ní Benin City, àwọn ènìyàn sì fara pa. Àwọn tí ìjọba fi ṣe àbójútó ètò CNG sọ lẹ́yìn náà pé sílíńdà inú ọkọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a fọwọ́ sí fún CNG, àti pé wọ́n ti jó irin mọ́ ọn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ẹgbẹ́ yín pé òun lè yí forklift, kẹ̀kẹ́ akẹ́rù tàbí katakata yín padà ní owó pọ́ọ́kú, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí sílíńdà tí ó fẹ́ lò.

Ibi ìpamọ́, àti lílo ọkọ̀ nínú ilé

Ìta ni ilé sílíńdà, kì í ṣe àárín àpò kòkó. Ẹ ṣe àgò onírin tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí òrùlé bò ó lọ́wọ́ oòrùn, kí a sì lè tì í. Ẹ tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kí ó má sì sí gọ́tà nítòsí. Ẹ ya òfìfo sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó kún. Ẹ ro koríko àyíká rẹ̀, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí iná igbó lè wá láti oko ẹlòmíràn. Bí iṣẹ́ bá parí ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ti fáàfù sílíńdà tí ó wà lórí ọkọ̀.

Ewu kan tún wà tí kì í ṣe ti iná. Bí ẹ́ńjìnnì gáàsì bá ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tí a tì, ó lè tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí ń jẹ́ carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pa ènìyàn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá wà nínú ilé. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sọ pé ibà ni. Ẹ pa ọkọ̀, kí gbogbo yín jáde síta, kí ẹ sì gbé ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí gáàsì bá ń jò, tàbí bí iná bá sọ

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí gáàsì bá ń jò láìsí iná, ti fáàfù bí o bá lè dé ibẹ̀ láìwọ inú gáàsì náà. Má ṣe tan ẹ́ńjìnnì kankan. Má ṣe tan iná mànàmáná, má sì ṣe pa á, nítorí pé ìtapàrà kékeré inú rẹ̀ tó láti ràn. Kí gbogbo ènìyàn kúrò, kí wọ́n lọ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kì í ṣe ibi tí ó ń fẹ́ lọ. Láti ọ̀nà jíjìn ni kí ẹ ti pe àwọn panápaná, tàbí kí ẹ pe 112.

Bí gáàsì tí ń jò bá ti gbiná, ọ̀nà tí ó dára jù láti pa iná náà ni pé kí a ti fáàfù bí ọwọ́ bá lè tó o láìséwu. Bí a bá pa ọwọ́ iná nìkan tí gáàsì sì ń jáde síbẹ̀, yóò kóra jọ, yóò sì tún gbiná pẹ̀lú agbára tí ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí iná bá ti ń lá ara sílíńdà fúnra rẹ̀, ẹ sá jìnnà. Ẹ má ṣe padà nítorí ọkọ̀, ẹ má sì ṣe padà nítorí kòkó.

Bí olómi bá ta sí ẹnikẹ́ni lára, ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì ṣe fa aṣọ tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn ya. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ojúṣe ẹgbẹ́

Bí ilé ìkẹ́rùsí bá jóná, kì í ṣe kòkó ẹnì kan ni ó jó. Iṣẹ́ ọdún kan gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni, pẹ̀lú owó ilé-ìwé àwọn ọmọ àti gbèsè tí a ti fi kòkó náà dúró fún. Nítorí náà, ọ̀ràn sílíńdà kì í ṣe ti dírẹ́fà nìkan. Kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn méjì, kí ó sì ná owó láti kọ́ wọn. Kí akọ̀wé ní ìwé kan tí yóò máa kọ nọ́ńbà sílíńdà sí, àti ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí ó dé, ọjọ́ tí a pààrọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó pààrọ̀ rẹ̀, àti àbùkù tí a rí. Kí alága rí i pé owó wáṣà àti ti ìbọ̀wọ́ wà nínú ètò ìnáwó ọdọọdún.

Paríparí rẹ̀, ẹ má ṣe kánjú lé òṣìṣẹ́ lórí nítorí pé tírélà ń dúró. Ẹni tí ó bá sọ pé, “Mo gbóòórùn gáàsì, ẹ jẹ́ kí n wò ó ná,” ti ṣe ohun tí ó tọ́ sí ìyìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí nǹkankan nígbà tí ó wò ó.

Ìbéèrè fún ìpàdé ẹgbẹ́

1. Èé ṣe tí a fi ń ti fáàfù sílíńdà kí ẹ́ńjìnnì tó kú, dípò kí a kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì?
2. Níbo ni gáàsì yóò gbà lọ bí ó bá jò ní ọgbà ilé ìkẹ́rùsí wa? Ẹ jáde lọ wo gọ́tà àti kòtò tí ó wà níbẹ̀.
3. Kí ni iṣẹ́ irin ṣóńṣó tí ń wọ inú ihò ọrùn sílíńdà?
4. Bí ìwọ̀n sílíńdà lófìfo bá jẹ́ kílò 16, tí ìwọ̀n gáàsì rẹ̀ sì jẹ́ kílò 15, kí ni ó yẹ kí òṣùwọ̀n fi hàn nígbà tí ó bá kún? Kí ni a óò ṣe bí ó bá jẹ́ kílò 34?
5. Ta ni ó ń dáná, tí ń jórin, tàbí tí ń lo ẹ̀rọ amúnáwá nítòsí ibi tí a ti ń pààrọ̀ sílíńdà? Ta ni yóò lọ bá a sọ̀rọ̀?
6. Ènìyàn méjì wo ni ẹgbẹ́ wa yóò yan, nígbà wo ni wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn?